Ẹ Má Tíì Ra Bátìrì Mìíràn

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún ẹ̀yin tí ẹ ní katakata, ẹ̀yin tí ẹ ń wà á àti ẹ̀yin tí ẹ ń háyà rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá

   

Òjò àkọ́rọ̀ ti ń dé. Láti Èrúwà dé Lánlátẹ̀, láti Igbó-Ọrà dé Ìdèrè, títí lọ dé Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgángán, ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn ń wá káàkiri: katakata tí yóò bá wọn tú ilẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbin àgbàdo ń wá a. Ẹni tó fẹ́ gbin ẹ̀gúsí ń wá a. Àwọn onípákí ti sanwó sílẹ̀, wọ́n ti tò. Ọmọ tó ń wà á gun orí ẹ̀rọ, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ dún kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, ó sì dákẹ́.

Ohun tí ẹnu gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, “Bátìrì ti kú.” Wọ́n á yá bátìrì lára ọkọ̀ ẹlòmíràn, wọ́n á fi wáyà fa iná wá, ẹ̀rọ á dìde. Ní ọjọ́ kejì, ibi tí a ti dìde náà la tún wà. Àwọn mìíràn á kó géńdé mẹ́jọ jọ kí wọ́n wá tì í. Mo mọ katakata kan tí kò sùn síbòmíràn fún odidi ìgbà oko méjì ju orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìdèrè, kí ó lè rí ibi yí wálẹ̀ láàárọ̀. Ọmọ tó ń wà á ti fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà lórúkọ. “Bátìrì ńlá” ló ń pè é.

Bátìrì tó kú lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ orí lè ti dé sí i. Bátìrì mẹ́ta tó kú lára ẹ̀rọ kan ṣoṣo láàrin ọdún méjì, nǹkan kan ló ń pa wọ́n. Ẹni tó ń pa wọ́n yẹn ni mo fẹ́ ká jọ wá lónìí, kí ẹ tó tún kówó lọ fún oníbátìrì.

Ẹ fojú inú wo àmù omi tó wà nínú ilé. Bátìrì ni àmù yẹn. Kò ní omi tirẹ̀. Ohun tí wọ́n bá pọn sínú rẹ̀ ló ń fún ni. Ọmọ tó ń lọ sódò pọnmi ni alternator, èyí tí bẹ́líìtì fáànù ń yí níwájú ẹ̀rọ. Wáyà ni ọ̀nà odò, àlọ àti àbọ̀. Bí ẹ bá jí láàárọ̀ tí ẹ rí i pé àmù ti gbẹ, ó lè jẹ́ pé ọmọ kò lọ sódò. Ó lè jẹ́ pé ó lọ, ṣùgbọ́n omi dà nù sójú ọ̀nà. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ń wá bu omi lóru. Ó sì lè jẹ́ pé àmù gan-an ló sán. Ta ni yóò lọ ra àmù tuntun láìbi ọmọ léèrè? Àwa onímọ́tò ni. Ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, kò ní í pẹ́. Kíkì tó ń jí ẹ̀rọ dísù lè fa 300 áńpù. Owó ńlá ni, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré ló fi ń ná an. Bí alternator bá ń dá 20 áńpù padà sínú bátìrì, kò ní í ju ìṣẹ́jú méjì lọ kí ó tó san gbèsè yẹn tán. Ìyẹn ni pé kí ọmọ tó ń wà á tó jáde ní àgbàlá, ó yẹ kí bátìrì ti gba owó rẹ̀ padà. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé ọjọ́rọ̀ lóko, tí wọ́n pa á láti jẹun, tí kò wá dìde mọ́, ẹ má wo ojú bátìrì. Ẹ wo ẹni tó yẹ kó pọnmi sí i.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wa ti dàgbà. Ìparí ọdún 1964 ni Massey Ferguson 135 àti 165 jáde ní Coventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ṣì ń rí wọn lójú oko títí di òní. Ọdún 1986 ni 375 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ilé iṣẹ́ Coventry náà ti kógbá wọlé láti bí ogún ọdún ó lé. Lahore ní Pakistan ni wọ́n ti ń ṣe 375 báyìí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń dá àwọn ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1960, tí wọ́n ṣe ọ̀kan sí Èrúwà, ìjọba ló ń ra katakata, ìjọba ló ń tún un ṣe. Lónìí, àwa ni a ra tiwa, tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, rẹ́wáyà tó sì wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ìkóríta ni dókítà wọn. Wáyà inú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti kọjá lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá. Wọ́n ti gé e, wọ́n ti so ó, wọ́n ti fi ọ̀rá dì í. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé iná ń sọnù sójú ọ̀nà.

Èmi fúnra mi jẹ nínú ẹ̀bi yìí, n ó sì sọ ọ́.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ní 375 kan, tòkunbọ̀, tí a fi ń tú ilẹ̀ fún àwọn ènìyàn láàrin Èrúwà sí Lánlátẹ̀. Bátìrì àkọ́kọ́ lo oṣù mẹ́jọ. A pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì lo oṣù márùn-ún. Rẹ́wáyà tí a pè ní alternator ló bàjẹ́, a sì ra òmíràn, tòkunbọ̀ náà ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀rọ kò dìde. Ẹ̀gbọ́n mi ra bátìrì kẹta pẹ̀lú ìbínú. Mo mú mítà mi, mo jí ẹ̀rọ, mo fi ẹnu mítà kan sí ẹ̀yìn alternator níbi tí wáyà ńlá ti jáde, mo fi ìkejì kan ara alternator náà. Mítà kọ 14.3. Mo yangàn fún ẹ̀gbọ́n mi: “Ẹ wò ó, alternator ń ṣiṣẹ́ bí aago. Àwọn oníbátìrì ló ń ta ayédèrú fún wa.” A ti fẹ́ lọ bá oníbátìrì jà.

Àgbàlagbà rẹ́wáyà kan ní Igbó-Ọrà ló gbà wá lọ́wọ́ ìjà yẹn. Kò tú nǹkan kan. Ó fi mítà kan orí méjèèjì bátìrì nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́: 12.8. Ó wò mí. Ó ní, “Ìwọ rí 14.3 níbẹ̀, èmi rí 12.8 níhìn-ín. Fólìtì kan àbọ̀ ti sọnù. Ó mọ ọ̀nà lọ. Kí ló ń gbé e bọ̀?” Ó fi ẹnu mítà kan sí ara alternator, ó fi ìkejì kan orí bátìrì tó jẹ́ ti àmì ìyọkúrò. Ibi tí ó yẹ kí mítà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ òdo, ó kọ 1.5.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Iná tó bá jáde láti ara alternator gbọ́dọ̀ padà sí i. Ara irin tó gbé alternator dúró ló ń gbà padà. Kí wọ́n tó ta ẹ̀rọ náà fún wa, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kùn ún kó lè dà bíi tuntun, wọ́n sì kun irin yẹn, wọ́n kun ihò bóòtù rẹ̀, kí wọ́n tó fi alternator padà sórí rẹ̀. Ìpẹta wà lábẹ́ ọ̀dà. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá, ìpẹta náà kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ iná. Alternator kejì tí a rà, orí irin ọlọ́dà kan náà la gbé e sí. Ká ní a ra mẹ́wàá, bákan náà ni yóò rí. Rẹ́wáyà náà tú bóòtù, ó fi sánpépà ha irin náà títí ó fi ń dán, ó dè é padà, ó tún fa wáyà nípọn kan láti ara alternator lọ sí ara ẹ̀rọ gan-an. Orí bátìrì kọ 14.1. Iṣẹ́ náà kò gba wákàtí kan. Bátìrì kẹta yẹn lò ju ọdún mẹ́ta lọ.

Mo ti fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ó sì ná wa ní bátìrì méjì àti alternator kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ojú kan kò tó fún mítà.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí ẹ̀yin náà yóò ṣe wò ó. Mítà kékeré tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò ti tó. Bí ẹ bá ní katakata tí ẹ kò ní mítà, mo rọ̀ yín, ẹ ra ọ̀kan. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó bátìrì tí ẹ máa fi ṣòfò.

Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ẹ fi mítà kan orí méjèèjì bátìrì. Bátìrì tó kún dáadáa máa kọ 12.6 tàbí kó lé díẹ̀. Bó bá kọ 12.2, ìdajì ló kù. Bó bá wọ ìsàlẹ̀ 12, ebi ti ń pa á. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá jí ẹ̀rọ, ẹ tẹ iná díẹ̀, ẹ tún wò ó: ó yẹ kó wà láàrin 13.8 sí 14.4. Bó bá dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, tàbí tó ń lọ sílẹ̀, omi kò wọ inú àmù. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó lọ wọn alternator fúnra rẹ̀, bí mo ṣe wọn tèmi. Bí alternator bá kọ 14 tí bátìrì kò kọ ọ́, ojú ọ̀nà ni ẹ̀ṣẹ̀ wà. Bí alternator gan-an kò bá kọ ọ́, ọ̀dọ̀ ọmọ apọnmi ni ẹ̀ṣẹ̀ wà.

Ẹni tí kò ní mítà lè lo ojú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ tan iná iwájú ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ máa mí jẹ́jẹ́. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sókè. Bí iná bá mọ́lẹ̀ sí i kedere, alternator ń ṣe nǹkan kan. Bó bá wà bákan náà, ó lè jẹ́ pé kò ṣe nǹkan kan.

Kí ẹ tó dá alternator lẹ́bi, ẹ wo bẹ́líìtì. Lórí àwọn ẹ̀rọ wa wọ̀nyí, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí fáànù, tó ń yí ẹ̀rọ tó ń pín omi, tó sì ń yí alternator. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀: ó yẹ kó wọlé níwọ̀n bí ìbú ìka kan. Bó bá wọlé ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti sọ̀. Bí inú rẹ̀ bá ń dán bí irin, tàbí tí ọ́ìlì ti ta sí i, yóò máa yọ̀ láìyí alternator tó. Àmì kan wà tí kì í tàn mí: bí bátìrì kò bá gba iná tó, tí omi ẹ̀rọ náà sì ń gbóná, bẹ́líìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń fi orí méjì hàn.

Gílóòbù pupa kékeré tó wà níwájú awakọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló rò pé ó kàn wà láti fi kìlọ̀ ni. Rárá o. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni iná kékeré àkọ́kọ́ ti ń wọ inú alternator láti jí i. Alternator kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìkọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára bátìrì. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí gílóòbù yẹn kò tàn, ó ti jó, tàbí wáyà rẹ̀ ti já, alternator tó dá ṣáṣá lè wà lójú oorun títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Mo ti rí ẹni tó ra alternator tuntun nítorí gílóòbù tí owó rẹ̀ kò tó owó ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ó yẹ kó tàn bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kó sì kú bí ẹ̀rọ bá ti dìde. Bó bá ń tàn fìrìfìrì nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, nǹkan kan ń bàjẹ́ lọ nínú alternator. Ẹ má dúró dìgbà tó máa kú tán.

Ọgbọ́n kan tún wà tí àwọn àgbà rẹ́wáyà máa ń lò, ó sì máa ń dùn mọ́ mi. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ síbi tí gílóòbù pupa yóò ti tàn, ẹ má jí i. Ẹ mú ọ̀bẹ tàbí sikurudiráfà, ẹ fi ẹnu rẹ̀ sún mọ́ bẹ́rìn ẹ̀yìn alternator. Bí alternator bá ń gba iná, yóò fa irin náà mọ́ra bíi mágínẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá fà á, iná kò dé inú rẹ̀: ó lè jẹ́ gílóòbù, ó lè jẹ́ wáyà, ó lè jẹ́ pé kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ti jẹ tán. Eruku tí háárò máa ń tú sókè ní ilẹ̀ wa nígbà tí òjò kò bá tíì rin ilẹ̀ tó, ló ń jẹ kábọ́ọ̀nù kíákíá. Kábọ́ọ̀nù nìkan ni kí ẹ ní kí rẹ́wáyà pààrọ̀. Kò pọn dandan kí ẹ ra odidi.

Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín ṣì ń lo dáínámò àtijọ́, ti 135 àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀. Dáínámò Lucas tí wọ́n fi sí i kò lè mú ju 22 áńpù wá, kò sì mú nǹkan kan wá bí ẹ̀rọ bá ń mí jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá wá fi gílóòbù mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 55 wáàtì sí i láti fi tú ilẹ̀ lóru, àwọn nìkan ń jẹ nǹkan bí 18 áńpù. Kí ló wá kù fún bátìrì? Alternator 17ACR tó rọ́pò dáínámò lórí àwọn ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e ń mú 36 wá.

Ọ̀pọ̀ ti ń yọ dáínámò kúrò, wọ́n ń fi alternator inú mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ sí i. Mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: ẹ̀rọ mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ lè yí tó ìgbà 5,000 láàrin ìṣẹ́jú kan; ti katakata kò ju nǹkan bí 2,200 lọ. Bí ẹ bá gbé alternator mọ́tò wá pẹ̀lú púlì ńlá rẹ̀, kò ní í yí tó. Ẹ ní kí wọ́n fi púlì kékeré sí i. Mo rò pé ibí yìí ni ìdajì àwọn alternator “tí kò dára” tí wọ́n ń dá padà fún àwọn oníṣòwò ti ń ṣẹ̀.

Ó kan ojú ọ̀nà. Orí bátìrì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó máa ń hù síbẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ tú àwọn orí wáyà, èyí tó bọ́ sára ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun ni kí ẹ sì dè gbẹ̀yìn. Ẹ po kánún sínú omi gbígbóná, kánún tí àwọn ìyá wa fi ń se ẹ̀wà náà ni, ẹ dà á sórí rẹ̀. Yóò hó yaya, ásíìdì á kú. Ẹ má jẹ́ kí omi kánún wọ inú bátìrì o. Ẹ ha orí náà títí yóò fi dán, ẹ dè é le, ẹ fi gírísì pa á lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán. Bí ẹ bá fi òòlù gbá orí wáyà wọlé, tàbí tí ẹ fi pátákó kékeré há a kó má baà mì, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹ tẹ̀ lé wáyà láti ibẹ̀ lọ sẹ́yìn alternator. Lórí Lucas, ike kan ló gbé ẹnu wáyà wọ̀nyí. Ike yẹn máa ń jó, ó máa ń dúdú. Ẹ fi ọwọ́ kàn án nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹ̀rọ. Ibi tó bá gbóná ni iná ti ń sọnù. Ẹ wo abẹ́ tánkì pẹ̀lú. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, tí katakata bá wà lábẹ́ igi láìṣiṣẹ́, eku máa ń kó ilé sínú rẹ̀, wọ́n sì ń jẹ rọ́bà wáyà.

Bátìrì tó kún lálẹ́, tó gbẹ láàárọ̀, olè òru ló ń bá a jà. Kí ẹnikẹ́ni tó jí ẹ̀rọ láàárọ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé alternator. Ó yẹ kó tutù bí òkúta. Bó bá lọ́wọ́ọ́rọ́, diode inú rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn, ti lù. Iná ń gba inú rẹ̀ jò láti ìgbà tí ẹ ti sùn. Bí kò bá sì gbóná, ẹ tú orí wáyà tó bọ́ sára ẹ̀rọ lórí bátìrì, ẹ fi tẹ́sítà so orí bátìrì mọ́ wáyà náà, pẹ̀lú gbogbo nǹkan ní pípa. Bí tẹ́sítà bá tàn, nǹkan kan ń mu iná. Ẹ fa wáyà alternator yọ; bó bá kú, ẹ ti mú olè. Bí kò bá kú, ẹ máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ dárí jì mí. Púpọ̀ nínú àwọn olè òru tí mo ti mú, ẹ̀yin lẹ so wọ́n mọ́ bátìrì: rédíò, sípíkà ńlá, wáyà tí ẹ fi ń ṣáájì fóònù, tí wọn kò gba ibi kọ́kọ́rọ́ kọjá rárá. Áńpù kan ṣoṣo tó ń jò kò tó nǹkan lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí òjò, 168 wákàtí ló fi ń jò, kò sì sí bátìrì 100 áńpù-wákàtí tó lè gbà á. Bátìrì tó bá gbẹ bẹ́ẹ̀ tó sì pẹ́ nílẹ̀, inú rẹ̀ máa ń le, kì í gba iná tó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni ìgbà tí àmù gan-an sán.

Òdìkejì náà wà. Bí mítà bá kọ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí orí bátìrì ń tutù nígbà gbogbo, tí omi rẹ̀ ń tán kíákíá, tí gílóòbù yín ń jó léraléra, kọ́táòtù tó ń ṣọ́ iye iná alternator ti bàjẹ́, ó ń rọ omi sí àmù tó ti kún. Kọ́táòtù ni kí ẹ pààrọ̀. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà nìkan ni kí ẹ fi dí àyè tó bá ṣófo. Kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi òjò, kì í sì í ṣe ásíìdì. Ooru ilẹ̀ wa máa ń fà á gbẹ, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, ẹ ó ti máa retí pé n ó ní Táyé àti Kẹ́hìndé ni orí méjèèjì bátìrì. N kò ní í sọ bẹ́ẹ̀. Ìbejì, ohun tí a bá fún Táyé la ń fún Kẹ́hìndé, bí a bá sì pe orúkọ wọn ní òdì, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá so orí bátìrì ní òdì lẹ́ẹ̀kan péré, diode alternator ti jó kí ẹ tó mí. Ẹ ṣọ́ra gan-an pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń lo dáínámò: orí àmì ìròpọ̀ ni wọ́n so mọ́ ara ẹ̀rọ lórí púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ gbà mí láyè kí n bẹ ẹ̀yin rẹ́wáyà wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ láti fi mọ̀ bóyá alternator ń mú iná wá. Nígbà ayé dáínámò, ẹ lè ṣe é kó má bàjẹ́. Lára alternator, iná náà máa ń fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń pa diode àti kọ́táòtù. Ẹ wá mọ̀ pé ó dára, ẹ sì ti bà á jẹ́ nínú mímọ̀ náà. Bí wọ́n bá fẹ́ jó irin mọ́ ara katakata, ẹ tú bátìrì àti alternator kúrò ná.

Kí ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀bù oníbátìrì lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ iye mẹ́ta sínú ìwé: ohun tí bátìrì kọ kí ẹ̀rọ tó dìde, ohun tó kọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí alternator fúnra rẹ̀ kọ. Ẹ mú ìwé náà lọ fún rẹ́wáyà yín. Bó bá wò ó tì, tó ní bátìrì ṣáà ni kí ẹ rà, ẹ wá rẹ́wáyà mìíràn. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, afẹ́fẹ́ tó máa ń wọ ọ̀nà dísù la ó jọ sọ, ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín ń kú lórí òkè. Ó dìgbà náà o.